Hóró Oògùn Mẹ́rìnlá

Hóró oògùn mẹ́tàlélógún ló yẹ kó wà nínú ìgò náà. Mẹ́sàn-án ló kù.

"Ẹ tún un kà, sà," ni obìnrin tó jókòó níwájú ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ wí. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni èmi ti kà á."

Olùkọ́ ni obìnrin náà. Tísà ni gbogbo èèyàn ń pè é, títí kan àwọn tó bí i lọ́mọ. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ da hóró funfun wọ̀nyẹn sórí bébà, ó ń fi ìdí bírò tì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà. Mẹ́sàn-án náà ni.

Orúkọ tí wọ́n sọ ọkùnrin yìí wà nínú fáìlì lókè lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n Farabalẹ̀ ni gbogbo tẹ́ṣàn ọlọ́pàá mọ̀ ọ́n sí, torí ọ̀rọ̀ yẹn kì í jìnnà sí ètè rẹ̀. Bí olè bá ń purọ́ níwájú rẹ̀, á ní kó farabalẹ̀. Bí ọ̀gá bá ń pariwo pé kó tètè parí ẹjọ́, á ní kí ọ̀gá farabalẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń sọ pé lọ́jọ́ tí ilé rẹ̀ bá ń jó, á kọ́kọ́ ní kí iná farabalẹ̀, kó sọ ibi tó ti wá.

"Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí," ló wí.

Tísà bẹ̀rẹ̀. Bàbá rẹ̀, Bàbá Aláago, fi ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta tún aago ṣe ní yàrá iwájú ilé wọn. Láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ló ti ń gbàgbé nǹkan. Ó kọ́kọ́ ń gbàgbé ibi tó fi gíláàsì ojú rẹ̀ sí. Lẹ́yìn náà, ó gbàgbé ọ̀nà ilé. Nígbà tó yá, ó gbàgbé orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀. Dókítà ní àìsàn ọpọlọ ni, kì í ṣe ọjọ́ orí lásán, wọ́n sì gbà á bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti nǹkan bí oṣù márùn-ún, ọkùnrin tí kò fọwọ́ líle kan ọmọ rí bẹ̀rẹ̀ sí í lu èèyàn. Ó fi ọ̀pá na àbúrò Tísà. Ó ti Tísà fúnra rẹ̀ lu ògiri. Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó gbá ìyàwó rẹ̀ lẹ́ṣẹ̀ẹ́ lábẹ́ ojú.

"Lọ́jọ́ kejì, ìyẹn Jímọ̀, ni dókítà fún wa ní oògùn yìí láti mú un rọ̀. Ọgbọ̀n hóró. Ọ̀kan péré nírọ̀lẹ́. Ó kìlọ̀, ó tún un kìlọ̀, pé kì í ṣe súìtì. Ó ní tó bá pọ̀ jù lára àgbàlagbà, ó lè gbé e ṣubú, ó lè mú un sùn lọ pátápátá. Ó ní ká mú un padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kí òun mọ̀ bóyá ká dín in kù."

Lọ́jọ́ náà gan-an ni àbúrò Tísà, tó jẹ́ káfíńtà, kan àpótí kékeré kan fún oògùn ọ̀hún, ó sì fi àgádágodo sí i. Kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ni. Obìnrin tó ń tọ́jú Bàbá ló fi í kọ́rùn.

"Lọ́jọ́ kẹta, Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í tòògbé nídìí oúnjẹ. Lọ́jọ́ karùn-ún, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Láàárọ̀ òní, a jí i títí, kò jí." Tísà ti ìgò náà sún mọ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́. "Ó wà ní ọsibítù. Wọ́n ní oògùn tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ju èyí tí wọ́n kọ fún un lọ. Ẹnì kan ṣoṣo ló ní kọ́kọ́rọ́, sà. Mo fẹ́ kí ẹ lọ mú un."

"Ẹ farabalẹ̀, Tísà."

"Bàbá mi ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n farabalẹ̀."

Farabalẹ̀ wolẹ̀. Ìyá tirẹ̀ náà ṣarán kó tó kú. Ọjọ́ kan wà tó jágbe mọ́ ìyá náà nítorí ṣíbí. Ìyá gbàgbé rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Òun ni kò gbàgbé.

"Ẹ má bínú," ló wí, ó sì dìde. "Ẹ jẹ́ ká lọ sílé yín."

Nínú ọkọ̀, ó ń ṣírò. Ọjọ́ méje, hóró méje, ìyẹn tọ̀nà. Ṣùgbọ́n mẹ́rìnlá mìíràn ti lọ, ìyẹn méjì méjì lójúmọ́. Ẹni tó fẹ́ pani kì í ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kàn fẹ́ kí arúgbó sùn kí òun lè rí ara sinmi, onítọ̀hún lè ní in. Ó ṣeé ṣe kí Tísà ti mọ ohun tó ń sọ.

*

Obìnrin tó ń tọ́jú Bàbá wà ní kíṣínì, ó ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè é nínú ilé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ pé òun ò jókòó ní kíláàsì nọ́ọ̀sì rí. Ó síngbọnlẹ̀, ó lọ́ra, ojú rẹ̀ sì ti wú fún ẹkún.

"Ẹ̀yin lẹ ń fún Bàbá lóògùn?"

"Èmi ni. Ọ̀kan, nírọ̀lẹ́. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀."

"Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́?"

Ó fa okùn kan yọ lọ́rùn ẹ̀wù rẹ̀. "Mo fi ń wẹ̀, mo fi ń sùn."

"Ṣé Bàbá ti lù yín rí?"

"Rárá, sà."

"Ẹ̀ẹ̀kan péré?"

"Kò lù mí rí."

Tísà, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, pòṣé. "Ṣé ẹ gbọ́? Ó na ìyàwó rẹ̀, ó na ọmọ rẹ̀, kò na àlejò! Oṣù mẹ́jọ ló ti wà lọ́dọ̀ wa. Ó ti ń fi oògùn kùn ún lóorun tipẹ́ ni."

"Oògùn yìí ò tíì lò ju ọjọ́ méje nínú ilé yìí," ni Farabalẹ̀ wí jẹ́jẹ́. "Kí ló fi ń kùn ún láwọn oṣù tó ṣáájú?"

Tísà wọlé wá láti ẹnu ọ̀nà.

Nọ́ọ̀sì nu ọwọ́, ó mú ìwé kékeré kan wá láti orí fèrèsé. Gbogbo nǹkan ló wà nínú rẹ̀: ìgbà tí Bàbá jẹun, ìgbà tó sùn, ìgbà tó lu èèyàn. Farabalẹ̀ wá ibi tí ìjà wà, ó kà wọ́n sókè.

"Àárọ̀. Ìyá ń wọ ẹ̀wù fún un. Ó gbá Ìyá lápá." Ó ṣí ewé. "Ọ̀sán. Káfíńtà fà á dìde lórí àga. Ó fi ọ̀pá nà án. Àárọ̀. Tísà ń bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ kó lè wẹ̀. Ó tì í. Àárọ̀. Ìyá, ẹ̀wù. Ó gbá a lábẹ́ ojú."

Ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó nà án sí Nọ́ọ̀sì. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ̀ ọ́ fún mi bí ẹ ṣe ń wọ̀ ọ́ fún Bàbá."

Obìnrin náà wò ó bóyá ó ń ṣàwàdà. Kò ṣàwàdà. Ó bá gba kóòtù, ó ki ọwọ́ tirẹ̀ bọ inú apá rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ó di ọwọ́ òsì Farabalẹ̀ mú níbi tó ti ń fì sílẹ̀, ó sì fa kóòtù gùn ún jẹ́jẹ́ títí dé èjìká, láì gbé ọwọ́ náà sókè rárá. Ìgbà yẹn ló tó yí sí apá ọ̀tún.

"Ta ló kọ́ yín báyìí?"

"Ara mi ló kọ́ mi. Mo já bọ́ lórí àtẹ̀gùn nígbà kan, èjìká òsì mi yẹ̀. Bí mo ṣe ń wọṣọ fún ara mi nìyẹn. Ó kúkú ti mọ́ mi lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni mo ń ṣe fún gbogbo ẹni tí mo bá tọ́jú."

Farabalẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ kan sínú ìwé rẹ̀, ó fa ìlà méjì sí i nídìí, kò sì sọ ohun tó kọ fún ẹnikẹ́ni.

*

Ìyá Tísà jókòó létí bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá, ó ń di ẹ̀wù ọkọ rẹ̀ sínú báàgì tí wọ́n fẹ́ gbé lọ sí ọsibítù. Àmì tó wà lábẹ́ ojú rẹ̀ ti ń kúrò ní dúdú, ó ń di àwọ̀ ewé gbígbẹ.

"Ẹ káàsán, mà."

"Káàsán, ọmọ mi. Ṣé ẹ fẹ́ mú ọmọbìnrin yẹn lọ ni?"

"A ò tíì mọ̀, mà."

Ìyá gbé ẹ̀wù ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ má mú un. Èmi ni."

"Ẹ̀yin ni kí ni, mà?"

"Èmi ni mo fún un lóògùn. Ọwọ́ rẹ̀ ń bà mí lẹ́rù. Mo fẹ́ kó máa sùn."

"Màámi!" ni Tísà ké.

Farabalẹ̀ fa àga sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ó jókòó. "Ẹ ṣé tí ẹ sọ fún mi. Báwo lẹ ṣe rí kọ́kọ́rọ́?"

"Mo... mo yọ ọ́ lọ́rùn rẹ̀ nígbà tó sùn."

"Ó dáa. Oògùn wo lẹ mú níbẹ̀? Èyí pupa yẹn, àbí èyí tó ní ìlà láàárín?"

Ìyá ronú díẹ̀. "Èyí pupa."

"Funfun ni, mà."

Ìyá wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò. "Ojú mi ò ríran mọ́, ọmọ mi."

"Ojú yín ríran. Bọ́tìnnì tó wà lára ẹ̀wù yìí, ẹ̀yin lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rán an, abẹ́rẹ́ rẹ̀ ṣì wà láyà yín níbẹ̀ yẹn." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Kí ló dé tí ẹ fẹ́ ru ẹrù tí kì í ṣe tiyín?"

Ìyá tún gbé ẹ̀wù náà. "Torí ọmọ yẹn ń ṣe dáadáa sí ọkọ mi. Àwa tá a jẹ́ tirẹ̀, ẹ̀rù ọwọ́ rẹ̀ ń bà wá. Wàrà wàrà la máa ń wọṣọ fún un, ká lè tètè kúrò níwájú rẹ̀. Òun kì í kánjú. Tí wọ́n bá wá ti ọmọ ọlọ́mọ mọ́lé nítorí ilé mi, oorun wo ni mo fẹ́ sùn?"

Nọ́ọ̀sì wà lẹ́yìn Tísà ní ẹnu ọ̀nà. Ó gbọ́. Ó fi etí aṣọ bo ojú, ó padà sí kíṣínì.

"Lọ́sẹ̀ yìí, kí oorun yẹn tó borí rẹ̀," ni Farabalẹ̀ bi í, "kí ni Bàbá máa ń sọ?"

"Ọ̀rọ̀ ojú mi ni. Nígbàkígbà tó bá rí mi, á ní, 'Ta ló nà ọ́?' Inú á bí i! Á ní kí n fi ẹni náà han òun. Èmi á ní ilẹ̀kùn ni mo fi orí sọ. Tó bá ṣe díẹ̀, á tún bi mí." Ó fi ìka kan àmì náà. "Lọ́jọ́ Jímọ̀ tá a kọ́kọ́ fún un lóògùn, ọmọ mi ọkùnrin wà níbẹ̀. Inú ti ń bí i látàárọ̀. Nígbà tí bàbá rẹ̀ tún béèrè, ló bá pariwo pé, 'Ẹ̀yin ni! Ẹ̀yin lẹ nà án! Oògùn tí kò ní jẹ́ kí ọwọ́ yín nà án mọ́ nìyí!'"

"Kí ni Bàbá sọ?"

"Kò sọ nǹkan kan. Ó kàn ń wo ọwọ́ rẹ̀ báyìí." Ìyá na àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì síwájú, ó wò wọ́n.

*

Yàrá iwájú ni àpótí oògùn wà, lórí pẹpẹ tó wà lápá ọ̀tún tábìlì iṣẹ́ Bàbá. Wọn ò kó irinṣẹ́ rẹ̀ kúrò. Aago òkú mẹ́wàá kan wà níbẹ̀ tí Bàbá máa ń tú palẹ̀ tó sì ń tò padà, torí ìyẹn nìkan ló máa ń mú ara rẹ̀ balẹ̀ lọ́sàn-án, nígbà tí Nọ́ọ̀sì bá ń sá aṣọ tí Ìyá sì ń sinmi.

Farabalẹ̀ gbé àpótí. Àgádágodo rẹ̀ dè gírí, kò sí ojú àpá lára rẹ̀. Ó yí i padà. Lẹ́yìn, irin méjì ló so ọmọrí mọ́ àpótí, síkúrù mẹ́rin ló sì di àwọn irin náà mú. Ó fi ìka nu ẹ̀gbẹ́ wọn. Ìyẹ̀fun igi tín-ín-rín lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, funfun, tuntun.

"Ẹni tó ṣí àpótí yìí ò nílò kọ́kọ́rọ́," ló wí. "Ẹ̀yìn ló gbà wọlé."

Ojú Tísà yí padà. "Ta ló ń tú síkúrù nínú ilé yìí bí kì í bá ṣe..." Kò parí rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ni.

Wọ́n pe Káfíńtà. Kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ tó fi dé, ìyẹ̀fun pákó ṣì wà nínú irun rẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ kan àpótí yìí?"

"Èmi ni."

"Ìwé Nọ́ọ̀sì ní ẹ wá síbí lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yìí."

"Ilé bàbá mi ni."

"Ó fi ọ̀pá nà yín. Inú bí yín."

"Inú bí mi," ni Káfíńtà wí. "Mo sọ ohun tí kò yẹ kí n sọ fún un. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń jẹ̀ka àbámọ̀. Ṣùgbọ́n n ò fún un ní hóró kan, sà."

"Ta ló wá tún lè tú síkúrù mẹ́rin, kó dá wọn padà, tí ojú ò ní tètè mọ̀?"

Káfíńtà gba àpótí lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀. "Ẹ wò ó, èmi kọ́ ni mo dè wọ́n báyìí. Ọwọ́ tèmi yá jù. Ibi tí síkúrù bá ti há ni mo ń fi í sílẹ̀, ìlà orí ọ̀kan á dagun, ti òmíràn á dùbúlẹ̀. Àwọn wọ̀nyí dúró ṣánṣán, ìlà orí gbogbo wọn kọ sókè. Kò sí káfíńtà tó ráyè irú ìyẹn. Bàbá nìkan ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Á ní aago tí síkúrù rẹ̀ ò bá tò, ẹni tó tún un ṣe ò fẹ́ràn..."

Ó rọra gbé àpótí kalẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin.

Farabalẹ̀ lọ síbi aago ògiri, ó yọ ọ́, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Síkúrù mẹ́fà, gbogbo wọn dúró ṣánṣán. Ó mú aago òkú kan lórí tábìlì. Bákan náà.

"Ẹ̀yìn ni aláago ti ń ṣí aago," ló wí.

"Kò ṣeé ṣe," ni Tísà wí. "Kò mọ orúkọ mi, sà! Èmi àkọ́bí rẹ̀! Ṣé síkúrù ló wá máa rántí?"

"Orí ló gbàgbé, Tísà. Ọwọ́ ò gbàgbé."

"Ṣùgbọ́n kí ló fẹ́ fi oògùn ṣe? Ohun tá a bá sọ fún un láàárọ̀, kì í dọ̀sán. Báwo ló ṣe ń rántí lójoojúmọ́ pé kóun lọ mú un?"

Ìbéèrè rere ni. Farabalẹ̀ náà ti ń bi ara rẹ̀. Ó fa àga Bàbá, ó jókòó sórí rẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé tábìlì bí Bàbá ṣe máa gbé e, ó sì gbójú sókè.

Iwájú rẹ̀ gan-an ni ìṣó bíi méjìlá wà lára ògiri. Tíkẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ilẹ̀ ló wà lórí wọn, èyí tí Bàbá máa ń fi okùn so mọ́ aago oníbàárà kó má bàa gbàgbé iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe sí i. Ọ̀pọ̀ wọn ti gbó, eruku ti bò wọ́n, ti àwọn tó gbé aago wá tí wọn ò padà wá mọ́ láéláé. Okùn ọ̀kan ṣì funfun. Farabalẹ̀ na ọwọ́, ó yọ ọ́. Lẹ́tà inú rẹ̀ gbọ̀n díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣeé kà.

*Ẹni tó ni ín: Èmi.*

*Ohun tó bàjẹ́: Ọwọ́. Ó ń na ìyàwó mi.*

*Àtúnṣe: Oògùn funfun, ọ̀kan. Inú àpótí. Gba ẹ̀yìn.*

*Ọjọ́ tó parí:*

Kò sí nǹkan kan níwájú ìyẹn.

"Ní gbogbo ìgbà tó bá jókòó síbí," ni Farabalẹ̀ wí, "á rí iṣẹ́ tí kò tíì parí. Á ṣe é. Á gbàgbé pé òun ti ṣe é. Tó bá tún gbójú sókè, iṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀."

Káfíńtà yíjú sí ògiri. Tísà ka tíkẹ́ẹ̀tì náà lẹ́ẹ̀kan, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì, ó sì jáde lọ sí kíṣínì. Wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀ níbẹ̀, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí," wọ́n sì gbọ́ tí Nọ́ọ̀sì ń sọ pé kò sí nǹkan kan, kò sí nǹkan kan.

*

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni Bàbá Aláago lajú. Dókítà, ọ̀dọ́bìnrin kan tí kì í gbé ohùn sókè, ní ewu ti rékọjá. Farabalẹ̀ bá Ìyá Tísà àti Tísà wọ wọ́ọ̀dù.

Bàbá wò ó tìyanu tìyanu. "Ṣé aago yín lẹ wá gbà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kí ló ṣe é?"

"Ó dákẹ́ jẹ́jẹ́ tẹ́lẹ̀, Bàbá. Nǹkan bí oṣù márùn-ún sẹ́yìn ló ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í ya wèrè."

Bàbá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. "Aago kì í ya wèrè lásán. Ó ti já bọ́ ni. Nǹkan kan ló ń fún un nínú. Ẹ ò gbọ́dọ̀ lù ú, ẹ ò gbọ́dọ̀ da epo sí i. Ẹ kọ́kọ́ ṣí i wò."

"Ẹ ṣé, sà." Farabalẹ̀ yíjú sí dókítà. Ó ṣí ìwé rẹ̀ síbi tó fa ìlà méjì sí, ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ ni *èjìká*. "Dókítà, gbogbo ìgbà tó lu èèyàn, ẹnì kan ló ń gbé apá rẹ̀ sókè. Ẹnì kan ṣoṣo tí kì í gbé e sókè, Bàbá ò lù ú rí. Ẹ bá mi yẹ apá òsì yẹn wò."

Dókítà tẹ̀ sún mọ́ Bàbá. Ó sọ ohun tó fẹ́ ṣe fún un. Ó rọra di ìgúnpá rẹ̀ mú, ó gbé e sókè díẹ̀, bóyá ìwọ̀n ìbú ọwọ́ kan. Ojú Bàbá fún pọ̀, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì fò sókè pẹ̀lú ẹ̀ṣẹ́. Dókítà ti sọ apá òsì kalẹ̀ kí ẹ̀ṣẹ́ náà tó dé.

"Yéè," ni Tísà wí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Ó ń dùn ún. Ó ń dùn ún ni."

Àwòrán tí wọ́n yà fi hàn pé eegun èjìká ti yẹ̀ díẹ̀, ibẹ̀ sì ti wú nínú, kì í ṣe ti àná. Ìyá ló rántí pé nígbà kan, òun bá a lórí ilẹ̀ balùwẹ̀. Òun bi í bóyá ó farapa, ó ní rárá. Kò purọ́. Ó ti gbàgbé ni.

"Ó yẹ kí èmi náà ti wò ó kí n tó kọ oògùn yẹn," ni dókítà wí. "Mo gba ẹ̀bi tèmi."

Bàbá ti rí ìyàwó rẹ̀. Ó ń wo àmì abẹ́ ojú rẹ̀, ìbínú sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lójú tirẹ̀. "Ta ló nà ọ́?"

Ìyá ò dárúkọ ilẹ̀kùn lọ́tẹ̀ yìí. Ó gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ Farabalẹ̀, ó gba bírò rẹ̀, ó gbé e lé orúnkún, ó kọ déètì ọjọ́ náà síbi tó ṣófo. Ó fà á fún ọkọ rẹ̀. Bàbá kà á látòkè délẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì.

"Ó ti parí?" ló bi í.

"Ó ti parí, Bàbá Tísà."

"Ta ló tún un ṣe?"

"Ẹ̀yin ni."

Bàbá mí kanlẹ̀. Ó ká tíkẹ́ẹ̀tì náà sí méjì, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ká ti iṣẹ́ tó bá ti kúrò nílẹ̀.

*

Nínú ìwé tí Farabalẹ̀ kọ fún ọ̀gá rẹ̀, ó ní kò sí ọ̀daràn. Ọ̀gá ní ìwé náà gùn jù fún ẹjọ́ tí kò ní ọ̀daràn. Farabalẹ̀ ní kí ọ̀gá farabalẹ̀ kà á.

Nǹkan bí oṣù kan ààbọ̀ lẹ́yìn náà, ó yà sílé wọn. Kì í ṣe pé ìwòsàn ti dé. Bàbá ò mọ̀ ọ́n. Ó ṣì ń wá ọ̀nà ilé nínú ilé, àwọn ọ̀sán kan ṣì wà tó máa ń pariwo mọ́ wọn láìnídìí. Ṣùgbọ́n wọ́n ń fún un ní oògùn ara ríro, wọ́n ń fi aṣọ gbígbóná lé èjìká náà, Nọ́ọ̀sì sì ti kọ́ gbogbo wọn bí wọ́n ṣe ń wọ ẹ̀wù fún un, títí kan Káfíńtà tí ọwọ́ rẹ̀ yá jù. Dókítà dín oògùn funfun kù sí ìlàjì, nígbà tó yá, ó ní kí wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró ká wò ó. Ọ̀sẹ̀ kejì rèé tí wọ́n ti dáwọ́ rẹ̀ dúró.

Wọ́n jókòó síwájú ilé, nínú oòrùn àárọ̀, Bàbá àti Ìyá lórí àga onígi kan náà. Ìyá ń sọ̀rọ̀ fún Farabalẹ̀ nípa ọmọ ọmọ rẹ̀ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Láàárín ọ̀rọ̀ náà, Bàbá yíjú sí Ìyá, ó sì ṣàdédé gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè, sí ojú rẹ̀.

Tísà, tó ń gbé omi bọ̀, dúró. Farabalẹ̀ ti fẹ́ dìde.

Ìyá ò yẹra. Kò tilẹ̀ dá ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ dúró.

Bàbá fi ìka méjì mú òwú kan tó lẹ̀ mọ́ irun funfun ìyàwó rẹ̀, ó yọ ọ́ jẹ́jẹ́, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì fẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́.